Ibi tí Fíṣà Ò Ti Wúlò

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò tí a ti tú palẹ̀ ní kíláàsì láti ọdún kìíní, n kò rántí ẹni tó mẹ́nu ba fíṣà. Bẹ́ẹ̀ kò sí oníná tí kì í ní in nínú báàgì: ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò ara ògiri kí wọ́n tó fi skúrúù sí i. Artur Fischer, ará Jámánì, ló ṣe é ní 1958. Orúkọ rẹ̀ wá di orúkọ ike náà lẹ́nu wa, bí Maggi ṣe di orúkọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ inú bébà kékeré. (Ẹni tó bá ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ mú un. Èmi ti ní tèmi.)

Bí skúrúù bá ṣe ń wọ inú fíṣà, ike náà á máa fẹ̀, á sì há mọ́ búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré tó yí i ká. Híhá yẹn ló ń gbé ẹrù ró. Síliìn PVC kò nípọn, òfìfo ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni fíṣà fẹ́ há mọ́ níbẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, oníná kan wá gbé iná onígíláàsì kọ́ sí pálọ̀ wa, lókè àga tí màmá mi máa ń jókòó sí gẹ́lẹ́. Fíṣà mẹ́rin àti skúrúù mẹ́rin ló bá páálí iná náà wá, ó sì ti fẹ́ lu ihò sára PVC.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ṣé igi wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn?"

Ó wò mí, kò fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan síliìn títí dídún rẹ̀ fi yí padà. Igi nìyẹn. (Inú mi dùn: etí ni iṣẹ́ tiwa náà.) Ó mú skúrúù igi mìíràn jáde, èyí tó gùn tó láti wọ inú igi dáadáa, tí kò sì gùn débi tí yóò gún wáyà. Irin pẹlẹbẹ ló kọ́kọ́ dè mọ́ igi, ó so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin náà, kó tó gbé iná kọ́.

Kò sí iná ládùúgbò lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ mo ti lọ pa á níbi mítà. Wọn kì í kọ lẹ́tà síni kí wọ́n tó mú iná dé.

Ó kó fíṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sápò. Ó ní iṣẹ́ ògiri kan ń dúró de òun lọ́la.