Níti Ọmọ Tí A Pè Ní Olóríkunkun

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wa rí nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ó wù wá kí a kọ nípa ohun tí a ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe tí kò dára ni kò kúrò lọ́kàn wa, nítorínáà òun ni a ó kọ.

Àwa mẹ́ta ni a rán lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Oríta Mẹ́rin ní Ìbàdàn. A kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà yóò mọ irú ariwo tí ń bẹ níbẹ̀: àwọn tí ń pe èrò Bẹẹrẹ sínú ọkọ̀, àwọn obìnrin tí ń kiri ọjà bọ̀ láti Ọjà'ba, ẹ̀rọ ìlọta ní ojúlé kejì, àti ọkọ̀ tí ń fi ipá gun òkè Mápó. Yàrá Kíláàsì Kẹta tí a fún wa kọjú sí títì gan-an, àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì lé ní àádọ́rin. Àwa tí etí wa pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa tán níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní ìlà ẹ̀yìn tí a ó máa pè ní Àyìnlá, bí kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sí ara pátákó, yóò dà á kọ láìsí àṣìṣe, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀kan nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe àpèkọ, òfìfo ni ìwé rẹ̀ yóò wà. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, yóò máa wo ẹnu wa, yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yìí ni ó bí wa nínú. Wọ́n ti sọ fún wa pé olóríkunkun ni, a sì gbà bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a mú un kúnlẹ̀. Ní Ọjọ́rú kan, ọ̀kan nínú wa nà án ní pàṣán mẹ́fà, àwa méjì yòókù sì ń wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, a lu aago ìsinmi ní òdìkejì ọgbà. Gbogbo ọmọ pa ìwé dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àyìnlá nìkan ni ó ń kọ̀wé rẹ̀ lọ, títí ọmọ tí ó jókòó tì í fi fọwọ́ kàn án ní èjìká. Nígbà náà ni a rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ti ń dáhùn bí a bá ń pe orúkọ láràárọ̀: ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ́, kì í ṣe ohùn wa. A lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, a pe orúkọ rẹ̀. Kò yíjú padà.

A kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ díẹ̀ jọ ní Kúdẹtì ní 1853 ni ilé-ìwé ti wà ní ìlú yìí. Síbẹ̀ irú àwa yìí ṣì ń kọ́ni bí ẹni pé etí gbogbo ọmọ dọ́gba. Ìtara gbé wa wọ̀. A kọ ìwé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, a kò sì sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí a ti dá a lẹ́jọ́ nínú ọkàn wa pé ó ń sùn nídìí iṣẹ́.

Ìyá àgbàlagbà ni ọ̀gá náà, agboolé kan ní Bẹyẹrúnká ni a gbé bí i. Ó gbọ́ nípa ìwé náà, ó ránṣẹ́ pè wá. Kò pariwo mọ́ wa.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni ẹ ó lò lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ta ni yóò máa rántí pé kí òun kọjú sí ọmọ yìí kí òun tó sọ̀rọ̀?”

“Ẹ má bínú, mà,” ni a wí. A kò ní èsì mìíràn.

Ó mú ìwé kékeré kan jáde láti inú tábìlì rẹ̀. Orúkọ ni ó kún inú rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ tí ó ti mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití tàbí ti afọ́jú láti ọdún yìí wá. Àwọn mìíràn dúró níbẹ̀. Àwọn tí ó padà pọ̀ jù, nítorí pé ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì tán. “Kì í ṣe pé n kò mọ̀,” ni ó wí. “Ọwọ́ èmi nìkan ni kò ká a.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, ó pe gbogbo olùkọ́ jọ, ó sì ní kí a wí ohun tí a rí, títí kan ti pàṣán. Lẹ́yìn èyí ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù dúró lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó pe ọ̀rọ̀ díẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ọmọ náà tún un pè. Kí ó wo ihò etí wọn. Kí ó sì mú wọn ka pátákó láti ẹ̀yìn yàrá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan a rí ọmọ mọ́kànlá tí kò gbọ́ràn dáadáa, etí púpọ̀ nínú wọn ń ṣọyún. A rí méje tí kò rí pátákó. A sì rí ọmọbìnrin kan tí kò gbọ́ ohunkóhun rárá.

Yàrá tí ó dákẹ́ jù ní ilé-ìwé náà wà lẹ́yìn, lẹ́bàá igi máńgòrò. Olùkọ́ Kíláàsì Karùn-ún ni ó ti ń lò ó láti ọdún mẹ́jọ, kò sì fẹ́ gbọ́ pé kí a gbé Kíláàsì Kẹta lọ síbẹ̀. Ó ka iye ọdún tí ó ti fi ṣiṣẹ́ fún wa. Ọ̀gá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. “Tíṣà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, kí ẹ kó àga yín.” Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ ọkùnrin náà di ọdún tí ń bọ̀, kì bá tí dá wa lóhùn.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú wa lọ bá ìyá Àyìnlá ní Ọjà'ba, ọjà tí ń jẹ́ orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé títí di òní. Elùbọ́ ni obìnrin náà ń tà. Ó ti bá oníṣẹ́ jórinjórin kan sọ ọ́ pé kí ọmọ náà wá kọ́ṣẹ́ bí sáà bá parí, nítorí pé ìwé kò yé e. Ọ̀gá wa kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kíákíá. Ó jókòó lórí àpótí, ó béèrè ará ilé, ó ra kóńgò elùbọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ìyá Àyìnlá, ṣé ẹ̀yin náà ti kíyèsí i pé ọmọ yìí kì í jẹ́ ìpè bí kò bá rí ojú yín?”

Obìnrin náà dákẹ́ pẹ́. “Àfojúdi ni mo pè é,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ìyà tí mo ti fi jẹ ẹ́ kò níye.” A kò lè wò ó lójú, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni tiwa.

Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí a ṣí ní 1957, kò jìnnà bí a bá gba Òkè-Àrẹmọ àti Yemẹ̀tù. Dókítà sọ pé ọyún ti dá ihò sí awọ inú etí méjèèjì láti kékeré, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Kí a máa tọ́jú rẹ̀, kí omi má wọ̀ ọ́, kí ọmọ náà sì máa jókòó síwájú pẹ̀lú etí ọ̀tún ní ìhà olùkọ́.

Níti ọmọbìnrin tí kò gbọ́ rárá, àyípadà àga kò lè ràn án lọ́wọ́. Ó nílò èdè ọwọ́. Ohun yìí kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn: ní 1960 ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó di adití ní ọmọ ọdún 11, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ níhìn-ín, lẹ́yìn tí ó ti ṣí ti Accra ní 1957. Ní 1977 ìjọba kọ ọ̀ràn irú àwọn ọmọ wọ̀nyí sínú ìlànà ẹ̀kọ́, a sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Òfin tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbà wọ́n, kí ó sì ní ẹni tí a kọ́ fún ìtọ́jú wọn. Ní ibi tí a wà, kò sí ẹnìkan. Ọ̀gá tún ìwé wa kọ, òun àti alága àwọn òbí fọwọ́ sí i. Kí èsì tó dé, ó bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin adití kan tí ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ pé kí ó máa wá kọ́ olùkọ́ méjì àti ọmọbìnrin náà ní èdè ọwọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Kò tó, òun náà mọ̀ pé kò tó.

Ní àpèkọ tí a ṣe kẹ́yìn, Àyìnlá gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí a ń lọ, ọ̀gá mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde, ó ní kí a kọ gbogbo ohun tí a ṣe fún ọmọ náà sínú rẹ̀, kí olùkọ́ tí yóò gbà á lẹ́yìn wa lè kà á. A kọ ti etí ọ̀tún, a kọ ti àga iwájú. A kọ ti pàṣán mẹ́fà náà pẹ̀lú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i.