Omi Ló Ni Ọtí

Bí ènìyàn bá dárúkọ ìlú Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń tẹ̀lé e: yunifásítì àti ọtí bíà. Ẹsẹ̀ àwọn òkè Rocky ni ìlú náà wà, ó fi nǹkan bí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì tó 170,000. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 30,000. Ilé ìpọntí tó wà nínú ìlú náà ju ogún lọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ilé iṣẹ́ kéékèèké tí tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta dá sílẹ̀. Àwọn àlejò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá láti tọ́ ọtí wọn wò, àwọn aráàlú a sì máa yangàn pé bíà ló sọ ìlú àwọn di ìlú ńlá. Èmi tí mo ti ń bá wọn gbé fún ọdún mélòó kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìlú ló sọ bíà di nǹkan, omi ló sì ṣáájú àwọn méjèèjì. Bí a bá ṣi ìtàn náà sọ, ohun tí kò tó nǹkan ni a ó máa ṣọ́, a ó sì fi ohun iyebíye sílẹ̀ láìní olùṣọ́.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró. Èmi kì í mu ọtí. Inú ilé tí wọn kì í ti í gbé ọtí wọlé ni wọ́n ti tọ́ mi, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, yálà Mùsùlùmí tàbí Krìstẹ́nì, kì í fẹnu kàn án. N kò kọ èyí láti pe ẹnikẹ́ni sídìí ìgò. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọwọ́ kan bá gbilẹ̀ nínú ìlú títí tí ó fi di ìdánimọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ta ló ń jèrè rẹ̀, àti ohun tó lè bà á jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ìlú yìí ti kórìíra ọtí rí. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó padà di yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1870, kí Colorado fúnra rẹ̀ tó di ìpínlẹ̀. Ní 1896 ni ìlú fòfin de títa ọtí, ogún ọdún ṣáájú kí gbogbo ìpínlẹ̀ náà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé òfin tirẹ̀ ní 1933, tí àwọn ìlú mìíràn ń jó, tí wọ́n ń yọ̀, Fort Collins kò bá wọn jó. Bíà tí kò lágbára nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ó di 1969 kí ọtí tòótọ́ tó padà wọ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aráàlú yìí kò mọ ìtàn wọn.

Òfin ló ti ilẹ̀kùn, òfin náà ló sì ṣí i. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin kan tó fàyè gba ẹnikẹ́ni láti pọn ìwọ̀nba bíà nínú ilé fún mímu ara rẹ̀, láìsan owó orí lórí rẹ̀. Òfin kékeré ni, ṣùgbọ́n ó sọ ilé ìdáná àti yàrá abẹ́ ilé di ibi ìkọ́ṣẹ́. Àwọn tí wọ́n fi eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n padà di ọ̀gá. Ní 1988, ilé iṣẹ́ ńlá Anheuser-Busch ṣí ilé ìpọntí gbàràmù-gbaramu kan sí Fort Collins. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Doug Odell, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ tiwọn nínú ilé ìkóọkàsí àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ ní 1915. Ọkọ̀ akẹ́rù ògbólógbòó rẹ̀ ni Odell fi ń gbé àgbá ọtí kiri fún àwọn oníbàárà. Ní 1991 ni Jeff Lebesch, ẹnjiníà iná mànàmáná, àti Kim Jordan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ríran àwọn ìdílé tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ New Belgium nínú yàrá abẹ́ ilé wọn. Ìrìn àjò orí kẹ̀kẹ́ tí Lebesch rìn ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù ló fún un ní èrò náà, òun náà ló sì fà á tí wọ́n fi sọ ọtí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ti wọn ní Fat Tire, ìyẹn táyà ńlá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí náà. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ àgbàdo, tí wọ́n ń bò ó títí yóò fi hù, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń sè é kí ó tó di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ọkà bálì ni tiwọn dípò àgbàdo. Wọ́n ń fi òdòdó kíkorò kan tí à ń pè ní họ́ọ̀pù sí i kí adùn rẹ̀ má baà pọ̀ jù, wọ́n á sì da ìwúkàrà lé e, èyí tí yóò jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tí yóò sì sọ ọ́ di ọtí. A lè ra ọkà, a lè ra họ́ọ̀pù, a lè fi ọkọ̀ kó wọn wá láti ibikíbi. Ṣùgbọ́n nínú ìgò bíà kan, omi nìkan lé ní ìdá 90 nínú 100, inú ẹ̀rọ omi ìlú ni apọntí sì ti ń pọn ọ́n.

Omi Fort Collins ṣàrà ọ̀tọ̀. Yìnyín tó bọ́ sórí òkè nígbà òtútù ló ń yọ́, tí ó ń ṣàn lórí àpáta líle, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí iyọ̀ àti ẹfun kó dání kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Omi rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni apọntí ń fẹ́, nítorí ó lè tún un ṣe bó ti wù ú. Nǹkan bí ìdajì omi ìlú ń wá láti odò Cache la Poudre. Ìdajì kejì ń wá láti adágún Horsetooth, tí ìjọba fi omi kún láti òdìkejì òkè, nípasẹ̀ ihò gígùn tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè kọjá. Kò sí apọntí kan tó gbẹ́ ihò yẹn. Owó gbogbo ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, kí èyíkéyìí nínú àwọn ilé ìpọntí wọ̀nyí tó ní orúkọ.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kó ipa tirẹ̀. Láti 2013 ni yunifásítì ti ń fúnni ní oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ bí a ṣe ń mú nǹkan kan: bíà, wáràkàṣì, búrẹ́dì, àti irú wọn. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ojú àti imú mọ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń fi ẹ̀rọ wò. Ilé ẹ̀kọ́ tún ń kó ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ jọ, ó ń kó olùkọ́ tó ń ná owó jọ, ó sì ń mú kí ìlú kékeré mọ ohun tó ń lọ lágbàáyé. Ohun tó wù mí jù ni bí àwọn apọntí ṣe ń bá ara wọn lò. Bí ọkà bá tán lọ́dọ̀ ẹnìkan, ó lè yá lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ nídìí òwò. Pàǹtí ọkà tí wọ́n bá ti sè tán, àwọn àgbẹ̀ ń kó o lọ fún màlúù.

N kò ní fi ìbòjú bo apá tí kò dára. Ìlú tó kún fún ọ̀dọ́ tó sì kún fún ọtí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ ra ọtí, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń fo ògiri òfin. Ní 2004, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní yunifásítì náà mu ọtí títí ó fi kú. Àwọn apọntí kéékèèké máa ń sọ pé àwọn tó ń mu ọtí fún adùn ni àwọn ń pọn ọ́n fún, wọn kì í ṣe ti àwọn tó ń mu ún fún àmupara. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọtí wọn wọ́n. Síbẹ̀, ìlú tó bá fi ọtí ṣe àsíá kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí àwọn ọmọ ń rí kọ́ lára àsíá náà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ta ló ni í. Ní ìparí 2012, gbogbo ìpín New Belgium, ìdá 100 nínú 100, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nípasẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ẹni tó ń fọ àgbá àti ẹni tó ń ka owó jọ di onílé iṣẹ́. Gbogbo ayé ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìparí 2019, ìròyìn jáde pé ẹ̀ka kan lára Kirin, ilé iṣẹ́ ọtí ńlá ti Jàpáànù, fẹ́ rà á. Àwọn òṣìṣẹ́ dìbò, wọ́n sì gbà. Ilé iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ tó lé ní 300 ni yóò gba 100,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìfẹ̀yìntì wọn. Àwọn kan fárígá, nítorí Kirin ń bá ilé iṣẹ́ àwọn ológun ṣòwò pọ̀ ní Myanmar nígbà náà. Ó di 2021, lẹ́yìn tí àwọn ológun náà gbàjọba, kí Kirin tó kéde pé òun yóò yọwọ́.

N kò dá àwọn tó dìbò lẹ́bi. 100,000 dọ́là kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀yìn gbé àgbá, ẹni tó bá sì ni nǹkan ló ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ohun tó ká mi lára ni ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn títà náà. Owó oṣù nìkan ni yóò máa gbà. Àǹfààní láti di onílé iṣẹ́ ti bá èyí tó kọjá lọ. Ní 2023, wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń pọn Fat Tire padà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń mu ún tipẹ́ sì ráhùn. Odell gba ọ̀nà mìíràn ní tirẹ̀: ní 2015, ìpín tó pọ̀ jù bọ́ sọ́wọ́ àwọn alákòóso àti òṣìṣẹ́ inú ilé. Ọ̀nà méjèèjì bófin mu. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé orúkọ tó wà lára ìgò jẹ́ ohun tí a lè tà ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Odò kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2012, iná igbó tí wọ́n ń pè ní High Park jó ilẹ̀ tó lé ní éékà 87,000 lórí àwọn òkè tó yí odò Poudre ká. Òjò wá gbá eérú àti ilẹ̀ jíjó sínú omi, odò dúdú bí ẹ̀lú. Ìlú ní láti dá omi rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì gbára lé adágún nìkan. Ní 2020, iná Cameron Peak bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kò sì kú tán títí di oṣù kejìlá. Ó jó ju éékà 208,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn ìpínlẹ̀ náà. Mo rántí bí ojú ọ̀run ṣe pọ́n lọ́sàn-án gangan, tí eérú ń bọ́ sórí ọkọ̀ bí ẹni pé yìnyín ti dé ṣáájú àkókò. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín apọntí àti ẹni tí kì í mutí. Gbogbo wa la ń wo ẹnu ẹ̀rọ omi kan náà.

Ní 2021, New Belgium mọ̀ọ́mọ̀ pọn ọtí kan tó ní adùn èéfín, kí àwọn ènìyàn lè fi ahọ́n mọ bí bíà yóò ṣe rí bí ooru ayé bá ń le sí i, tí omi mímọ́ sì di ọ̀wọ́n. Àwọn kan pè é ní ìpolówó. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìpolówó, òótọ́ ló polówó.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ìlú yìí gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ètò ìṣúná. Apá kan nínú owó orí tí ìlú ń rí lórí ọtí yẹ kó máa lọ tààrà sórí òkè: fún gbígé igi gbígbẹ kúrò kí iná tó dé, fún gbígbin koríko sórí ilẹ̀ tó ti jó, fún àwọn tó ń ṣọ́ odò. Ilé ìpọntí tuntun yóò máa ṣí, àwọn kan yóò kógbá wọlé, wọn yóò sì ta àwọn mìíràn fún ẹni tí kò rí òkè náà rí. Èyí kò ní pa ìlú. Ṣùgbọ́n bí odò bá bàjẹ́, kò sí ìbò tí àwọn òṣìṣẹ́ lè dì, kò sí owó tí àjèjì lè san, tí yóò dá a padà.