Iṣẹ́ Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì Lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó

Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní wàhálà tó "take". Wọ́n ti kọ́ wọn pé "mú" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń mú àpò ìrẹsì? Gbígbé ni. Bó bá pọ̀, a ó kó o. Oògùn, a ń lò ó. Fọ́tò, a ń yà á. Ọkọ̀, a ń wọ̀ ọ́. "Take" nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Ní Abigi, ní Ogun Waterside, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, "I enter boat" ló kún ìwé àwọn ọmọ. Òpè kọ́ ni wọ́n, Yorùbá tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń rò. Àwọn ará Ṣáínà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ń bá "take" jà: jíjẹ ni wọ́n ń jẹ oògùn lédè tiwọn, wọ́n a sì jókòó bọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ wa ti pẹ́ níbí. Ọdún 1949 ni Molusi College bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Stephen Awokoya ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Òun ló di mínísítà tó ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Tai Solarin ló gbapò rẹ̀ ní Molusi. Nígbà tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ọmọ wá pọ̀ ju agbára tíṣà lọ, àkọ́sórí sì gbilẹ̀. Nílé ìwé tí èmi lọ, owó ìtanràn ni ẹni tó bá sọ Yorùbá ń san. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, ni mo ti ka nípa iṣẹ́ Babs Fafunwa. Láti 1970 ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí tíṣà ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìyẹn ló mú kí n máa kọ gbé, kó, lò, yà àti wọ̀ sójú pátákó kí n tó dárúkọ "take" rárá. Àwọn ọmọ á fi wọ́n ṣe gbólóhùn Yorùbá, lẹ́yìn náà la ó jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó ń yé wọn.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fàṣẹ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e. Fífagi lé àṣẹ náà kò dára. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa ké sí ìjọba kí wọ́n dá àṣẹ náà padà.