Kí ọmọ yín tó gun òkè ilé, ẹ bèèrè ìwé NSITF

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Bíríkìlà, kápẹ́ńtà, àwọn tó ń di irin, àwọn lébírà tó ń ru búlọ́ọ̀kù gun òkè, kò sí àdúgbò tí wọn ò sí. Láràárọ̀ la máa ń gbàdúrà fún wọn pé wọn ò ní í kú ikú iṣẹ́. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ìwé kan wà tó yẹ kó máa tẹ̀ lé àdúrà náà.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba n'Ìbàdàn ni mo ti ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké to ìwé wọn. Àwọn tí mò ń sọ yìí mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá ní òun fẹ́ kọ́lé fún aráàlú, tí wọ́n ní kí agbaṣẹ́ṣe wá du iṣẹ́ náà, ìwé ló máa ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ọdún 2007 tó de bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti san owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ààbò òṣìṣẹ́ tó yẹ kó san. Níbi owó ààbò òṣìṣẹ́ yìí ni ìwé NSITF ti wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí National Provident Fund tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1961, tí wọ́n máa ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Òun ló di NSITF lọ́dún 1993. Lọ́dún 2010, òfin tuntun gbé iṣẹ́ mìíràn lé àjọ náà lọ́wọ́. Òfin yìí ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó tó ń san fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kí àjọ náà sì máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ìdílé ẹni tó bá kú sí i. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Agbaṣẹ́ṣe tó bá san owó yìí ló ń gba ìwé ẹ̀rí, ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ máa tún un gbà.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ohun tí ìwé náà wà fún. "Màmá, ẹ bá wa kọ èèyàn mẹ́ta síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè gbà á, ọjọ́ ń lọ." Èèyàn mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀! Mo máa ń bi wọ́n pé àwọn mọ́kànlá tó kù ńkọ́, ṣé irin ni eegun tiwọn ni? Àwọn kan á bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n le báyìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ obìnrin kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan tí mi ò ní í dárúkọ. Pákó tó dúró lé lórí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹ̀, ó já lulẹ̀, itan rẹ̀ ṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe yìí ní ìwé NSITF o, òun ló fi gbaṣẹ́ náà. Èèyàn mẹ́rin ló kọ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ tó já yìí ò sí níbẹ̀. Ó fún ìyá rẹ̀ lówó díẹ̀ pé kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, ó ní ọmọkọ́ṣẹ́ ni, òun ò gbà á síṣẹ́. Ìyá yẹn gbà á gbọ́. Ó ta ẹ̀rọ tó fi ń lọta fún aráàdúgbò, ó fi tọ́jú ọmọ. Nígbà tó fi máa délé mi, ó ti lé lọ́dún kan, ọmọ ti ń tiro.

Irọ́ pátápátá ni agbaṣẹ́ṣe yẹn pa. Òfin ọdún 2010 ka ọmọkọ́ṣẹ́ sí òṣìṣẹ́. Ó ka ẹni tí wọ́n pè fún ọjọ́ díẹ̀ náà sí i, àti ẹni tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi bá a ṣàdéhùn. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni gbèdéke tí òfin fi sílẹ̀ kéèyàn fi béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ̀bẹ̀ yẹn la sì ń kọ lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹlòmíì tó ṣe é bó ṣe yẹ. Gbogbo èèyàn mẹ́rìnlá tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀, títí kan ọmọkọ́ṣẹ́ méjì. Owó oṣù gbogbo wọn jẹ́ 900,000 náírà, nítorí náà, 9,000 náírà ló ń san lóṣù. Nígbà tí ayùn gé kápẹ́ńtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò tó ọjọ́ méje tó fi fi tó àjọ náà létí, wọ́n sì dá owó ọsibítù padà. Ohun mìíràn tí mo tún ṣàkíyèsí ni pé lẹ́yìn tó kọ orúkọ wọn tán ló lọ ra akoto àti bàtà fún wọn, tó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ àwọn pákó tó ti jẹrà. Ẹni tó ti kọ orúkọ èèyàn mẹ́rìnlá sílẹ̀ fún ìjọba, kò ní í fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn dín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tijú láti bèèrè. Ẹ bi ọ̀gá ọmọ yín bóyá ó ní ìwé NSITF tọdún yìí, kẹ́ ẹ sì ní kó fi orúkọ ọmọ yín hàn yín nínú ìwé tó kó lọ síbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ tọ́jú ìwé dókítà àti gbogbo rìsíìtì. Ẹ sọ fún ọ̀gá náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ méje lọ kí òun náà tó sọ fún àjọ. Tó bá ń fì síbìí fì sọ́hùn-ún, ẹ gba ọ́fíìsì NSITF tó súnmọ́ yín lọ fúnra yín.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé náà, ẹ gbọ́. Tí ọkọ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òfin náà ní kí wọ́n máa san náírà 90 nínú gbogbo 100 náírà tó ń gbà lóṣù. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ìtọrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpò ìrẹsì kan àti owó pósí gbà á lọ́wọ́ yín.