Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì ní Oríta Sẹkọnà

Oríta ni Sẹkọnà: ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ pàdé ọ̀nà tí ó ti Gbọ̀ngán lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo níbẹ̀. Bí baálé yín bá fi ọkọ̀ spọ́ọ̀tì gbé yín ti Èkó wá, ẹ ó ti jókòó ju wákàtí 2 lọ. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì le. Bí ó bá já sí kòtò, ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ mu omi. Àpò rírọ̀ ni kí ẹ fi kó ẹrù, nítorí búùtù rẹ̀ kò tóbi. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ má ṣe gbé ọmọ lé itan níwájú. Bí a bá tẹ bíréèkì lójijì, ọwọ́ ìyá kò lè dá ọmọ dúró. Ọkọ̀ mìíràn ni kí ẹ bá ọmọ wọ̀.