Àwọn Ọmọbìnrin Ilẹ̀ Yìnyín

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó dá mi lójú pé ẹ ò tíì gbàgbé orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ń pè ní Áísílándì. Àwọn ni Ahmed Musa gbá gólì méjì sínú àwọ̀n wọn ní Rọ́ṣíà lóṣù kẹfà ọdún 2018, tí gbogbo àdúgbò wa hó yèè. Lẹ́yìn ariwo ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wa ò tún rántí wọn mọ́. Èmi ò gbàgbé ní tèmi. Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé ẹni tí a ṣẹ́gun náà ní ìtàn tirẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ wọn nínú ìwé ìròyìn, àfi ìgbà tí mo bá ara mi lọ́dọ̀ àwọn obìnrin wọn.

Erékùṣù ni Áísílándì, ní òkè Òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, ilẹ̀ yìnyín sì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ibẹ̀, tọmọdé tàgbà, kò tó 400,000. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Sùúrùlérè nìkan lé ní 500,000! Síbẹ̀, láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ní líìgì bọ́ọ̀lù obìnrin. Ẹgbẹ́ FH, ti ìlú Hafnarfjörður, ló kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Àbúrò mi obìnrin ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó jẹ́ pé bó bá ti fojú kan bọ́ọ̀lù, ó parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó fà á wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ̀wé nípa ayé. Ẹ bá mi sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa bọ́ ọ lọ́la?" Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. N ò fẹ́ fi ìtàn àwọn ìlú olówó dá wọn lóhùn, nítorí ẹni tó bá ń wo Amẹ́ríkà yóò rò pé owó ni gbogbo rẹ̀. Ibi kékeré ni mo fẹ́ wò.

Ohun tí mo rí nìyí. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló wà nínú líìgì àgbà àwọn obìnrin Áísílándì. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń gbá a, torí pé ojú ọjọ́ kò gbà wọ́n láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹfà, oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere. Lóṣù Kejìlá ẹ̀wẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin péré loòrùn ń yọ. Báwo ni ọmọdé ṣe fẹ́ kọ́ bọ́ọ̀lù nínú òkùnkùn àti òtútù bẹ́ẹ̀? Wọ́n kọ́ ilé lé pápá lórí ni. Ní Keflavík, lọ́dún 2000, wọ́n ṣí ilé ńlá kan tí odidi pápá bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn tẹ̀ lé wọn. Tọkùnrin tobìnrin ló ń lò ó. Kóòṣì tó níwèé ẹ̀rí, tí wọ́n ń sanwó fún, ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. "Dóttir" ló ń parí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ọmọbìnrin. Gunnarsdóttir, ọmọbìnrin Gunnar nìyẹn. Bí wọ́n bá lọ sílé ọkọ, orúkọ yẹn kì í yí padà. Ọmọ ẹni kì í di ti ẹlòmíràn pátápátá níbẹ̀ yẹn.

Ẹ má wá rò pé ọkùnrin wọn kàn jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1975, bí obìnrin mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní Áísílándì ló kọ̀ láti ṣiṣẹ́, níbi iṣẹ́ àti nílé. Wọn ò dáná, wọn ò tọ́jú ọmọ. Àwọn bàbá ń gbé ọmọ lọ síbi iṣẹ́! Nígbà tó di ọdún 1980, wọ́n dìbò yan Vigdís Finnbogadóttir ní ààrẹ, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ará ìlú dìbò yàn sípò bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyanṣẹ́lódì yẹn ni líìgì àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ́ erékùṣù kéékèèké kan tún wà ní gúúsù wọn, Vestmannaeyjar. Lóṣù kìíní ọdún 1973, ilẹ̀ ya lóru, iná ń tú jáde, wọ́n sì kó gbogbo ará ìlú, bí 5,000, kúrò níbẹ̀. Wọ́n padà wá, wọ́n gbá eérú kúrò lórí òrùlé. Ìlú yẹn ló bí Margrét Lára Viðarsdóttir, tó gbá gólì 38 wọlé fún Valur nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 péré ní líìgì ọdún 2007. Gólì 79 ló gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Lọ́dún 2021 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin Breiðablik wọ ìpele ìsọ̀rí ìdíje àwọn akọni Yúróòpù. Kò sí ẹgbẹ́ Áísílándì kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó débẹ̀ rí ṣáájú wọn. Lóòótọ́ Real Madrid àti PSG nà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n dé ibi tí ọkùnrin wọn ò tíì dé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Líìgì yẹn kì í bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹlòmíràn ń lọ síléèwé, ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gbé bàtà bọ́ọ̀lù wọn. Ẹni tó bá dáńtọ́ ló ń lọ sókè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni Sara Björk Gunnarsdóttir ṣe kúrò ní Breiðablik lọ sí Swídìn, Jámánì, títí dé ẹgbẹ́ Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 2020 ó gbá gólì fún Lyon nínú àṣekágbá ìdíje Yúróòpù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lóyún, Lyon ò sì san owó oṣù rẹ̀ pé. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí FIFA. FIFA dá a láre, wọ́n ní kí Lyon san owó Yúróò tó lé ní 82,000 fún un.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún wọn, n ò fi ọ̀kan pa mọ́. Mo ní, "Àbúrò mi, ó lè má bọ́ ọ. Àwọn tó ní ilé lórí pápá gan-an, kì í bọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kó kàwé rẹ̀, kó sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀."

Àbúrò mi mí kanlẹ̀. "Ta ló máa san owó ọkọ̀ lọ sí pápá?"

Mo ní èmi ni.

Ọmọ náà ò dúpẹ́ o. Ìbéèrè ló ní. "Bàbá, ẹni tí wọn ò san owó rẹ̀ pé yẹn, nígbà tó bímọ tán, ṣé ó tún gbá bọ́ọ̀lù?"

Mo ní, "Ó gbá a. Kódà, ó padà sórí pápá pẹ̀lú Lyon gan-an kó tó kúrò níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin nílé, ẹ má fi ìdáhùn ọ̀la dẹ́rù bà wọ́n lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ òótọ́ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá owó ọkọ̀.