Odindi Ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀rọ Ń Fẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Láàárín ènìyàn sí ènìyàn, òwe yìí kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ti wọ ìlú báyìí tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò wúlò níbẹ̀ rárá. Òun ni iṣẹ́ àwọn tí ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ àṣẹ náà. Èmi àti ọ̀kan nínú wọn ni a jọ ń gbé ilé kan náà ní Òmù-Àrán, ohun tí mo sì rí lọ́wọ́ rẹ̀ kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ju bí a ti lérò lọ.

Bí ẹ bá wọ yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún rédíò ṣe ni ẹ dé. Wáyà pupa, wáyà dúdú, iná wẹ́wẹ́ tí kò ju hóró àgbàdo lọ, irin gbígbóná tí ó fi ń yọ́ òjé sí ojú ibi tí wáyà ti pàdé: gbogbo wọn ni ó kún orí tábìlì. Láàárín wọn ni pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Arduino ni à ń pe irú rẹ̀. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2005, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ẹ̀rọ tí kò wọ́n fi kọ́ iṣẹ́. Kò ní ojú, kò ní etí, àfi èyí tí a bá so mọ́ ọn. Bí iná bá wà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí a máa kọ àṣẹ. Bí iná bá lọ, tí bátìrì náà sì tán, a mú bírò àti ìwé, a máa wá ibi tí àṣẹ àná ti wọ́. Wíwá àṣìṣe ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe kíkọ. Ó lè fi odidi ọjọ́ kan wá àmì kan ṣoṣo tí ó fò.

Ní ọdún tí ó kọjá, ó ṣe agogo kan tí ń lu ara rẹ̀ fún ilé-ìwé kan. Mo ní kí ó ka àṣẹ tí ó kọ sí i fún mi. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tí ó kà nìyí: bí aago bá lu mẹ́jọ, tí ọjọ́ kò sì jẹ́ Sátidé tàbí Àìkú, lu agogo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dákẹ́. Inú mi dùn púpọ̀. Awẹ́ gbólóhùn oní-‘bí’ tí mo ń fi ẹfun kọ sójú pátákó ní kíláàsì ni mo rí tí ó ń lu agogo! Agogo náà kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, tí gbogbo Nàìjíríà wà nínú ìsinmi òmìnira, aago mẹ́jọ lù, agogo dún kíkankíkan, ewúrẹ́ nìkan ni ó sì wà ní pápá láti jẹ́ ìpè. Ọlọ́dẹ ọgbà ní ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ẹ̀rọ kò ya wèrè. Ta ni ó sọ fún un pé a gba òmìnira?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ wa sọ pé ogbó, ìyẹn àdá tí Ọ̀ràngún gbà lọ́wọ́ Odùduwà, ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ogbó mọ ọ̀nà ni ó di Ìgbómìnà. Irinṣẹ́ tí ó mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò sí lórí tábìlì aládùúgbò mi. Tirẹ̀ kò mọ̀ ju ọ̀nà tí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ bá là sílẹ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń ṣe ìdánrawò kan sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí wọ́n lè fi kọ́ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, lẹ́tà mélòó ni ó wà nínú ‘ọ̀pẹ̀’?” Mo ní mẹ́ta. Ó ní márùn-ún ni ẹ̀rọ kà. Nínú ètò Unicode tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ḿbà, ẹ ní 7865, ọ sì ní 7885. Ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ọ̀ kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn. A ó kọ lẹ́tà, a ó sì kọ àmì ohùn ìsàlẹ̀, tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 768, tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn a kọ́kọ́ kọ è, kí ó tó fi àmì sí i nídìí. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ tí a kò là á yé, wọ́n yàtọ̀ síra. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi kọ àṣẹ tí ó sọ wọ́n di ọ̀kan, kí ẹ̀rọ tó lè mọ igba yàtọ̀ sí igbá, kí ó sì mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ Alt-I ti ń bá a bọ̀ tipẹ́.

Síbẹ̀, ojú tí ìlú fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò dára. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, ọmọ Yahoo ni. Àwọn agbófinró kan dá ọkọ̀ tí ó wọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n rí wáyà, wọ́n sì dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn èyí ni ìyá rẹ̀ wá bá mi.

“Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni ẹ kàwé. Kí ni ọmọ mi ń ṣe gan-an? Ojoojúmọ́ ni ó ń jókòó, n kò rí ọjà tí ó ń tà.”

Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ti wo àwọn ère òkúta Èsìé rí? Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. A kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí ó gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọmọ yín náà ń gbẹ́ nǹkan. Ọ̀rọ̀ ni òkúta tirẹ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Àwọn tí ó dá a dúró lọ́nà ńkọ́, ṣé wọ́n mọ Èsìé?”

N kò rí èsì fọ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ẹ bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, olùyẹ̀wò lè fi òye gbé e. Ẹ̀rọ tí yóò tọ́jú èdè yìí fún àwọn ọmọ yín kò ní òye tí yóò fi gbé e. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí irú ọ̀dọ́ yìí bá wà ní àdúgbò yín, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí àti fún ìlú. Bí àwa tí a mọ̀ bá sọ àbọ̀, àwọn tí kò mọ̀ ni yóò sọ àbọ̀ tí ó kù.